Kí Ẹ̀yìn Ẹṣin Má Baà Ha Òrùlé

Ẹni tó bá ra ẹṣin kékeré lónìí, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé ẹran náà kò gba ààyè. Ẹ wo bó ṣe mọ! Kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ajá ńlá lọ, ọmọdé lè fọwọ́ gbá a lọ́rùn mú, ẹ̀yìnkùlé lásán ti tó o. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, kí ènìyàn jókòó sínú kẹ̀kẹ́ náà, kó máa fi okùn ìjánu darí rẹ̀, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Níbo la ó ti wà á? Ẹ̀yìnkùlé ti kún fún igi àti okùn ìsáṣọ, ojú títì ni ọkọ̀ ń sáré, pápá tó wà lẹ́yìn ilé, ti ẹlòmíì ni. Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń sin irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé nínú ilé wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń sìn ín, kì í ṣe lóko.

Ìtàn ìbéèrè náà la fẹ́ sọ níbí. Ó pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, kò sì bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nínú kòtò ìwakùsà èédú.

Kí a tó wọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ nǹkan kan. Àwa ọmọ Yorùbá mọ ẹṣin, ṣùgbọ́n gígùn la mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹṣin wà lára ohun tó gbé Ọ̀yọ́ ga nígbà ayé àtijọ́. Ẹṣin náà ni àwọn ìdílé Balógun ṣì ń gùn wọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gàárì, ìjánu, gọ̀gọ̀, pátákò, gbogbo rẹ̀ ló ní orúkọ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n kí ẹṣin máa fa kẹ̀kẹ́, ìyẹn kò sí nínú ìṣe àwọn baba wa. Orí ènìyàn ló ń ru ẹrù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí a ń júwe awọ àti igi tí wọ́n fi ń so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́ dípò ká dárúkọ wọn, ẹ má bínú, èdè wa ò tíì débẹ̀ ni.

Àwọn erékùṣù Shetland wà lókè réré, ní àríwá Scotland, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun kì í sinmi, tí igi ṣọ̀wọ́n, tí koríko sì kúrú. Ibẹ̀ ni ẹṣin kékeré tí ayé mọ̀ jù lọ ti wá. Íǹṣì 42 ni òkè gíga rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìran wọn. Òtútù àti oúnjẹ tí kò pọ̀ ló sọ ọ́ di kúkurú.

Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹran tó kúrú báyìí kò gbé inú ààyè tó kúrú rí. Orí òkè gbalasa tí gbogbo abúlé jọ ni ni wọ́n ti ń jẹ̀ kiri, lójò lẹ́ẹ̀rùn, títí dé etí òkun. Iṣẹ́ wọn ni láti ru ilẹ̀ dúdú tí wọ́n gé, tí wọ́n sá gbẹ fún ìdáná, láti orí òkè wá sílé, agbọ̀n kan lápá ọ̀tún, agbọ̀n kan lápá òsì. Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Títí di nǹkan bí ìdajì ọ̀rúndún 19, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà kò tó nǹkan níbẹ̀. Ní ti èyí, wọ́n jọ wá díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Shetland sílẹ̀ ná, ká sọ̀ kalẹ̀ wá sí Silkstone, nítòsí ìlú Barnsley, ní Yorkshire. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1838, òjò ńlá rọ̀ níbẹ̀, omi sì ya wọ kòtò èédú kan tí wọ́n ń pè ní Huskar. Ọmọdé 26 ló kú sínú rẹ̀: ọkùnrin 15, obìnrin 11.

Kí ni ọmọdé ń ṣe nínú kòtò èédú? Kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń fà. Ihò tí wọ́n gbẹ́ tẹ̀ lé èédú kì í ga ju bí èédú náà bá ṣe nípọn lọ. Èédú ni owó. Òkúta tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe owó, kò sì sí olówó tó fẹ́ sanwó iṣẹ́ fún òkúta. Nítorí náà, níbi tí èédú bá ti fẹ́lẹ́, òrùlé á wálẹ̀ débi pé àgbàlagbà ò lè nàró, ẹṣin gidi ò sì lè wọlé. Ọmọdé ló lè wọlé. Wọ́n á de bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí, wọ́n á so ṣéènì mọ́ bẹ́líìtì, ọmọ á máa fi ọwọ́ àti orúnkún rákò, ọkọ̀ èédú á máa tẹ̀ lé e. Àwọn tó kéré jù, tí wọn ò tíì lè fa nǹkan kan, wọ́n fi wọ́n sídìí ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ nínú òkùnkùn, kí wọ́n máa ṣí i fún àwọn tó ń kọjá, kí wọ́n sì máa tì í padà.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí iṣẹ́ ọmọdé. Nígbà tí ìròyìn wọn jáde ní 1842, àwòrán wà nínú rẹ̀, ọmọ tó ń rákò nínú ihò bí ẹran. Àwọn tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò rí fi ojú ara wọn rí i, ara wọn sì bù máṣọ. Lord Ashley gbé òfin wá sílé ìgbìmọ̀. Òfin náà sọ pé kí obìnrin kankan má ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ mọ́, kí ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10 má sì wọ ibẹ̀. Lára àwọn tó ta kò ó jù lọ nílé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá ni Marquess Londonderry kẹta, ẹni tó ní kòtò èédú ní Durham. Òfin náà kọjá láìka tirẹ̀ sí.

Òfin dé lóòótọ́, àmọ́ òrùlé ò ga sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ihò ṣì kúrú bó ṣe kúrú, èédú ṣì gbọ́dọ̀ jáde. Ẹṣin ti ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn kòtò tí ọ̀nà wọn ga kí àkókò yìí tó dé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá báyìí ni ẹran tó kúrú tó láti gba ibi tí ọmọdé ń gbà, kó sì lágbára jù ú lọ. Ojú wọn wá lọ sí Shetland.

Ẹ wo ẹni tó wá gbajúmọ̀ nídìí òwò náà. Ní àwọn ọdún 1870, ìdílé Londonderry yìí kan náà gba ilẹ̀ ní erékùṣù Bressay àti Noss, ní Shetland, wọ́n ń sin ẹṣin níbẹ̀ fún àwọn kòtò wọn ní Durham. Akọ ni wọ́n ń kó lọ síbi iṣẹ́, abo ń bí sílé. Ohun tí wọ́n ń ṣà ni èyí tó ki, tí egungun rẹ̀ nípọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kí agbára púpọ̀ lè wọ inú gíga díẹ̀. Wọ́n tú agbo náà ká ní 1899, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ẹṣin Shetland tòní, ọgbà olókùúta tí wọ́n ń kó wọn sí ní Noss ṣì dúró. Òtútù ló kọ́kọ́ sọ ẹṣin yìí di kúkurú, a ò jiyàn. Ẹni tó sọ kíkúrú rẹ̀ di ọjà ni ẹni tí kò fẹ́ sanwó òkúta.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wà á lábẹ́ ilẹ̀? Ojú irin ni ọkọ̀ èédú ń tọ̀. Igi tàbí irin méjì ló mú ẹṣin láàárín, wọ́n fi ìkọ́ kọ́ ọ mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, ọmọkùnrin kan á máa bá a lọ pẹ̀lú fìtílà. Wọ́n fi awọ líle bo orí ẹṣin náà àti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, nítorí òkúta tó yọ sísàlẹ̀. Ojú irin yìí jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọrùn ní ọ̀nà kan: ọkọ̀ ò lè yà sọ́tùn-ún yà sósì, nítorí náà kò sí pé ẹni tó ń wà á ń wá bí yóò ṣe yí po. Ewu rẹ̀ wà níbòmíràn. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ tó kún fún èédú á fẹ́ sáré wá kọ lu ìdí ẹṣin. Igi ni wọ́n ń fi há ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó má baà yí. Ọmọ tó bá gbàgbé igi yẹn lẹ́ẹ̀kan, òun àti ẹṣin rẹ̀ ló jọ máa jìyà rẹ̀.

Ewu kejì ni òrùlé. Ẹṣin tó gba ọ̀nà tó há kọjá ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń kan òkè díẹ̀ péré, awọ ẹ̀yìn á bó. Ọgbẹ́ náà kì í sì í rí àyè jinná, torí pé ibi tó bó lánàá ni òkúta tún máa kàn lónìí.

Nígbà tí òfin ìwakùsà èédú ti 1887 jáde, ọ̀rọ̀ ẹṣin wà nínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ lọ́nà tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ kà á. Kò sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọ̀nà gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ọ̀nà tí ẹṣin bá ń gbà lábẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi tó fún ẹṣin náà láti kọjá láìfi ara ha òrùlé tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ara ẹṣin fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n! Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà tó, kò nílò rúlà. Kó wo ẹ̀yìn ẹṣin lálẹ́. Bí irun ibẹ̀ bá ti ha, ọ̀nà ò tó nìyẹn. A ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà wá.

Ṣé gbogbo olówó ló pa òfin náà mọ́? Ó ṣòro láti gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ariwo lórí ìyà ẹṣin kòtò kò rọlẹ̀ títí wọ́n fi tún ṣe òfin mìíràn ní 1911. Èyí sọ pé ẹṣin gbọ́dọ̀ pé ọdún mẹ́rin kó tó sọ̀ kalẹ̀, pé olùtọ́jú kan gbọ́dọ̀ wà fún ẹṣin 15. Ní 1913, ẹṣin tó wà nínú kòtò èédú Brítéènì tó 70,000. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ ọdún, tí ẹ rò pé ẹṣin pọ̀ níbẹ̀, ẹ wo iye yẹn, kí ẹ sì rántí pé òkùnkùn ni gbogbo wọn wà.

Nínú àwọn kòtò tó jinlẹ̀, ẹṣin kì í gòkè lójoojúmọ́. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni ilé wọn wà, wọ́n fi ẹfun kun ògiri rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ kálukú sí ibùjẹ rẹ̀. Ìgbà ìsinmi ọdọọdún nígbà ooru, tàbí ìgbà ìyanṣẹ́lódì bíi ti 1926, ni wọ́n máa ń gbé wọn wá sókè. Àwọn ará ìlú á jáde wá wòran. Wọ́n á ṣí ìlẹ̀kùn pápá, ẹṣin tó ti fi oṣù mọ́kànlá rìn lójú irin á dúró díẹ̀, á gbọ́ òórùn koríko, lẹ́yìn náà ló máa bẹ́ sí eré. Eré àsápajúdé! Wọ́n á fi ẹ̀yìn yílẹ̀, wọ́n á ta ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á tún sáré. Ẹṣin kan náà tó ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ihò tó há, pápá kan ò gbà á mọ́. Bí ìsinmi bá tán, àtimú wọn padà a di iṣẹ́.

Èyí ni ìdí tí a fi ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó ní ẹṣin kékeré nílé. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká kọ́kọ́ sọ bí ẹṣin náà ṣe ti inú kòtò dé ẹ̀yìnkùlé. Ó láájò méjì. Ọ̀kan ni eré. Ọdún 1844, ìyẹn ọdún méjì péré lẹ́yìn òfin àwọn ọmọdé, ni P. T. Barnum kó Tom Thumb, ọmọ kúkurú ará Amẹ́ríkà tó fi ń ṣe ìran, wá sí London. Wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré kan fún un, ẹṣin kéékèèké ń fà á káàkiri ìgboro, ìlú ń tú jáde. Láti ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ kékeré àti ẹṣin kékeré ti di ohun tí ojú àwọn ọmọ olówó ń wọ̀. Èkejì ni òwò: wọ́n kó ẹṣin Shetland ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìran wọn sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ní 1888. Àwọn kan wọ kòtò èédú lọ́hùn-ún náà, àwọn kan wọ ọgbà àwọn ọlọ́mọ. Ní Argentina, ìdílé Falabella ń ṣà wọ́n títí wọ́n fi kéré ju ti Shetland lọ. Ní 1978, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ẹṣin kékeré nìkan. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ẹṣin kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì 34 lọ, láti ilẹ̀ dé ibi tí irun gọ̀gọ̀ rẹ̀ parí sí.

Íǹṣì 34! Kò dé àyà àgbàlagbà. Ìṣirò tí ẹni tó rà á ń ṣe ni ìṣirò olówó kòtò gẹ́lẹ́: ó ń wọn ẹṣin, kò wọn ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká wọn ọ̀nà náà fún un. Ẹṣin kékeré àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí a bá so wọ́n pọ̀, gígùn wọn á tó bíi mítà mẹ́ta. Kò sí ojú irin nílẹ̀ báyìí, nítorí náà gbogbo yíyà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á. Bí ààyè bá há, yóò yí po kíákíá; bó bá yí po kíákíá pẹ̀lú eré, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti inú á gbéra nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dojú dé. Pápá tó kéré jù tí àwọn tó ń kọ́ ẹṣin ní ìrìn létòlétò ń lò jẹ́ mítà 20 lọ́nà 40. Tí ó bá di ìdíje kẹ̀kẹ́, pápá ńlá mítà 40 lọ́nà 100 ni. Nílé wa, pùlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 jẹ́ bíi mítà 18 lọ́nà 37. Ìyẹn ni pé odindi pùlọ́ọ̀tì kan, láìsí ilé, láìsí kànga, láìsí igi máńgòrò kan ṣoṣo lórí rẹ̀, kò tíì tó pápá tó kéré jù. Ta ló ní irú ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú, ní London ni o, ní Houston ni o?

Fífẹ̀ nìkan sì kọ́. Ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ ṣì ń ṣe ohun tó ń ṣe nínú kòtò: bí awọ tó yẹ kó gba ìdí ẹṣin kò bá sí níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sún wá gbá a lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ọ̀dà ojú títì ń yọ̀ fún pátákò. Wáyà ọgbà tín-ín-rín ò ṣeé rí nígbà tí ẹran bá ń sá, òpó ọgbà sì lè kọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ajá aládùúgbò tó bá yọ lójijì ti tó láti ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ẹṣin ò mọ̀ pé òun kéré. Bí ẹ̀rù bá bà á, eré ló mọ̀. Bó bá sì ń sáré, kẹ̀kẹ́ tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀ á dà bí ohun tó ń lé e, yóò tún fi kún eré. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n fi ń sọ pé kí a má tú ìjánu kúrò lójú ẹṣin rárá bí kẹ̀kẹ́ bá ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjánu yẹn ló ní ohun tó dí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí ohun tí ó ti ń fà láti àárọ̀. Ọ̀pọ̀ ìjàǹbá ló ti ibẹ̀ wá.

Ẹṣin kòtò parí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìjọba gba àwọn kòtò lọ́wọ́ àwọn olówó ní 1947, ó ku bíi 21,000. Ẹ̀rọ ń gba ojú irin ńlá, ẹṣin ń sún sí àwọn ihò tó há jù, ìyẹn àwọn ibi tí wọ́n torí rẹ̀ mú un wá níbẹ̀rẹ̀. Ní 1994, wọ́n kó èyí tó kù ní Ellington, ní Northumberland, jáde. Ní kòtò kékeré kan tó jẹ́ ti aládàáni, Pant y Gasseg, ní Wales, àwọn tó kẹ́yìn fẹ̀yìn tì ní 1999.

Ní ti ẹni tó ní ẹṣin kékeré tí kò ní pápá, ohun tí à ń rí tí wọ́n ń ṣe kò ju méjì lọ. Àwọn kan ń gbé ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á lọ háyà pápá tó ní ọgbà yí ká fún wákàtí kan. Àwọn tó kù á fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sínú gáràájì. Wọ́n á so okùn gígùn méjì mọ́ ìjánu, wọ́n á dúró lẹ́yìn ẹṣin, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e yí ilé po, lọ sídìí ọgbà, bọ̀ lẹ́nu géètì, bí ọmọkùnrin ìgbà èédú ṣe ń tẹ̀ lé tirẹ̀, àyàfi pé ojú sánmà ni òrùlé.